Ìrìn ẹsẹ̀ "Palermo Ìdákẹ́rọ́rọ́": ohun tí wọ́n tà fún wa àti ohun tí a rí

"A kì í ju ènìyàn mẹ́fà lọ." Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sójú ìpolówó wọn nìyẹn, ní lẹ́tà gàdàgbà, lókè àwòrán àgbàlá kan tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe san yúrò 65 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, èmi àti Àǹtí mi, láti fi ẹsẹ̀ rìn yí Palermo ká, ìlú kan ní erékùṣù Sicily lórílẹ̀-èdè Ítálì. Orúnkún Àǹtí mi kò gba ìkánjú mọ́, etí wọn ọ̀tún kì í sì í gbọ́ràn dáadáa níbi tí èrò bá pọ̀ sí. A dé iwájú Teatro Massimo, gbọ̀ngàn opera ìlú náà, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a bá ara wa láàárín èrò méjìdínlógún. Wọ́n pín ẹ̀rọ kékeré tí a óò máa fi sétí fún oníkálukú, amọ̀nà wa na àsíá pupa sókè, ó di gìrì.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ kí wọn, kí wọ́n má baà sọ pé ìjà ni mo bá wá. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé a ò ní ju mẹ́fà lọ. Àwa méjìdínlógún la wà níbí." Mo rí àmì pé wọ́n ti kà á. Wọn ò fèsì. A kọjá oríta Quattro Canti, wọn ò fèsì. A ti ń wọ ọjà Ballarò kí fóònù mi tó dún: "Ẹ káàárọ̀ o! Mẹ́fà náà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló jọ ń rìn lónìí." Wọ́n fi àwòrán oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo bi wọ́n pé amọ̀nà mélòó wá ni ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Èsì tó padà wá ni pé àwọn máa dín 10% kúrò lórí owó wa tí a bá tún fẹ́ bá àwọn lọ sí ìlú Monreale. Mo fi han Àǹtí mi. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Àbúrò, àwọn wọ̀nyí mọ ìṣirò."

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe Ballarò ni mo ń bá jà. Ọmọ tí wọ́n bí nítòsí Ọjà-Ọba n'Íbàdàn kì í sá fún ariwo ọjà. Àwọn ọkùnrin tó ń ta ẹja àti tòmátò níbẹ̀ ń fi orin polówó, ọ̀kan ń lé e, èkejì ń gbè é. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà ládùúgbò yẹn, ará Ẹdó ló pọ̀ jù nínú wọn, a sì kí ara wa. Ohun tó dùn mí ni bí wọ́n ṣe fà wá gba àárín gbogbo rẹ̀ kọjá wuuru. Ìtọ́wò tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ jẹ́ ègé sfincione kan tó ti tutù, tí kò tó àtàǹpàkò méjì, àti wáìnì nínú ife oníke. Orí ìdúró la ti jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà tóóró kan, tí ọlọ́kadà ń fọn fèrè mọ́ wa lẹ́yìn. Sfincione ọ̀hún sì rèé, búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n fi tòmátò, àlùbọ́sà àti wàràkàṣì bò, oúnjẹ gidi ni. Mo padà lọ ra èyí tó gbóná lọ́jọ́ kejì, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ṣe ni wọ́n bà á lórúkọ jẹ́.

Àmọ́ Ballarò yẹn náà ni ọjọ́ ti yí padà. Wọ́n ya ẹni mímọ́ kan sára ògiri ilé gíga kan níbẹ̀, gàgàrà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Àǹtí mi dúró. Wọ́n ní kí n béèrè ẹni tí í ṣe. Amọ̀nà wa, tó ti ń ka àkọ́sórí sí wa létí láti àárọ̀, dédé yíjú padà. Ó yọ ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu. "San Benedetto il Moro," ló wí. "Alásè ni." Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa bá a lọ ni fóònù rẹ̀ dún, ohùn ọkùnrin kan ń jáde láti inú rẹ̀ kíkankíkan. A ò gbọ́ èdè Ítálì, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé wọ́n ń lé e níré ni. Ó dá ẹ̀rọ padà sẹ́nu, ó gbé àsíá rẹ̀ sókè, ó wá rọra sọ fún Àǹtí mi pé, "Signora, ẹ dúró dè mí tí mo bá ṣetán."

A dúró. Nígbà tó di aago kan, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun ìrántí olówó gọbọi (ìdí tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìrìn náà máa ń parí sí, ẹ fúnra yín rò ó), ó gba ẹ̀rọ etí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó dágbére fún èrò. Lẹ́yìn náà ló ká àsíá sínú báàgì, ó ní kí a máa bọ̀, kí a rọra.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ìyókù tí ẹ ò fi ní sọ pé wọ́n bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Òpópónà Via Immacolatella kò jìnnà síbi tí èrò ti ń fún ara wọn pa, ibẹ̀ sì ni Oratorio di San Lorenzo, ilé àdúrà kékeré kan, wà. A san yúrò díẹ̀ láti wọlé. Bàbá tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wo ọ̀pá ọwọ́ Àǹtí mi, kò sọ̀rọ̀, ó gbé àga tó jókòó lé wá láti ẹ̀yìn tábìlì, ó fi ọwọ́ nù ún, ó gbé e kalẹ̀ fún wọn, òun wá lọ ń dúró. Kò ní àga mìíràn.

Funfun báláú ni ògiri inú ibẹ̀. Giacomo Serpotta, ọmọ Palermo tí wọ́n bí lọ́dún 1656, ló mọ ère sí i. Ẹfun tí wọ́n pò ni, kì í ṣe òkúta, àmọ́ ó fi lẹ́búlẹ́bú mábù pa á lójú títí ó fi ń dán. Àwọn ọmọdé oníhòòhò ló kún ibẹ̀, wọ́n ń ṣeré yí àwọn ère ńlá ká, ẹnìkan ò lé wọn. Àwòrán ìbí Jésù tí Caravaggio, ògbóǹtarìgì ayàwòrán ará Ítálì, yà wà lórí pẹpẹ náà tẹ́lẹ̀, kí àwọn olè tó gé e kúrò nínú férémù lóru ní oṣù kẹwàá ọdún 1969. Wọn ò tíì rí i di òní. Ẹ̀dà tí wọ́n gbé síbẹ̀ lọ́dún 2015 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó dára, àmọ́ tí ẹ bá bi èmi, ó mọ́ jù. Amọ̀nà wa kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ láìmí láti aago mẹ́sàn-án! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí mi, ó ń bá wa wò ó.

Ebi ló lé wa jáde. Ó mú wa lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń dín panelle: ìyẹ̀fun chickpea (irú ẹ̀wà kan) tí wọ́n rò, tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n wá dín, tí wọ́n kì bọ inú búrẹ́dì tó ní yànmọ̀tí lára. Àǹtí mi gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, àkàrà àti búrẹ́dì nìyí, ata ló kù." Wọ́n sì mú ata gígún jáde nínú báàgì wọn. Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó sín, ó tún na ọwọ́.

Santa Caterina la parí sí, ilé àwọn obìnrin Dominican, ẹgbẹ́ àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì, tí wọn kì í jáde síta láyé ìgbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Piazza Pretoria níbi tí gbogbo àlejò ti ń ya fọ́tò. Wọ́n ń ta irú ìpápánu tí àwọn sísítà máa ń ṣe nígbà náà níbẹ̀. Ẹ ra cannolo, ìpápánu díndín tó ní ihò nínú, èyí tí wọ́n bá fi ricotta (wàràkàṣì rírọ̀) kún lójú yín. Èyí tí wọ́n ti kún sílẹ̀ máa ń rọ̀ ni. A gbé tiwa jáde sí àgbàlá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àgbàlá inú ìpolówó wọn ni! Wọ́n ń fi ibẹ̀ polówó ìrìn tí kì í dé ibẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n kà á. Oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni amọ̀nà wa ti wá parí ìtàn San Benedetto, ẹni mímọ́ ara ògiri Ballarò. Ẹrú ni àwọn òbí Benedetto, ará Áfíríkà, wọ́n sì bí i ní ìlú San Fratello, ní Sicily náà, ní nǹkan bí ọdún 1526. Ilé ìdáná àwọn ará Franciscan, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ Kátólíìkì, ní Santa Maria di Gesù ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ wọ́n fi í ṣe olórí ilé náà lọ́dún 1578. Nígbà tó sì kúrò nípò, ìdí ààrò ló padà sí. Ó kú lọ́dún 1589, póòpù sọ ọ́ di ẹni mímọ́ lọ́dún 1807, àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Brazil sì ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Iná tó jó àwọn òkè Palermo ní oṣù keje ọdún 2023 jó ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria di Gesù, òun ti òkú rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ọmọ náà sọ èyí, ó dákẹ́. Àǹtí mi gé cannolo wọn sí méjì, wọ́n fún un ní èyí tó tóbi.

Ó kọ owó wa. Ó ní tí a bá fẹ́ ṣe òun lóore, kí a fún ìrìn náà ní ìràwọ̀, nítorí bí ìràwọ̀ bá ṣe pọ̀ sí ni ọ́fíìsì ṣe ń pín iṣẹ́ fún àwọn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ òun tàbí ilé iṣẹ́ náà níbí. Lójú ìwé tiwọn, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ láìkọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, ẹ má san yúrò 65 fún ẹnikẹ́ni: ẹ lọ sí San Lorenzo àti Santa Caterina fúnra yín lọ́sàn-án, kí ẹ sì mú ata dání.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. Mo ṣì ń retí owó mi padà.