Ibùdó ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ fún òṣìṣẹ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba owó oṣù, ẹ lọ bá wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba owó oṣù ní Texas, tí ọ̀gá yín ti sọ pé ófátáìmù, ìyẹn owó àfikún fún wákàtí tó lé lórí 40 lọ́sẹ̀, ò kàn yín nítorí pé ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ oníwákàtí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn lọ́yà kan máa ń jókòó sí yàrá ìpàdé ilé ìkàwé ìjọba ládùúgbò wa nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin, tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò béèrè ìwé ìgbélùú, wọn ò sì gba sẹ́ǹtì kan lọ́wọ́ ẹni. Mo ti lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí wọn.

Igbákejì máníjà ni mí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Dọ́là 38,500 ni owó ọdún mi, ìyẹn bíi dọ́là 740 lọ́sẹ̀. Tí àsìkò ọdún bá ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ mi máa ń tó wákàtí 55 lọ́sẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n ní kí gbogbo àwa igbákejì máa tẹ ẹ̀rọ aago tá a bá wọlé àti tá a bá ń jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san ófátáìmù fún wa. Wákàtí 15 lé lórí 40, owó kan àtààbọ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan: dọ́là 416 ó lé díẹ̀ nìyẹn lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Kì í ṣe owó kékeré nínú ilé tọ́mọ ti ń lọ síléèwé. Nígbà tí oṣù Kọkànlá ń parí lọ, lẹ́tà dé: ìlànà ti yí padà, a ti padà sí bá a ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọn ò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà yẹn ni mo mú lọ sí ilé ìkàwé.

Màmá kan tó dàgbà díẹ̀ ni lọ́yà tó dá mi lóhùn. Wọ́n gba ìwé owó mi, wọ́n fi bírò pupa yí owó ọ̀sẹ̀ mi ká, wọ́n wá kọ 684 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyẹn iye dọ́là tí ìjọba dá lọ́sẹ̀. Wọ́n ní òfin tó fi ófátáìmù lélẹ̀ ní 1938 kò sọ níbì kankan pé ẹni tó bá ti ń gba owó oṣù ò gbọdọ̀ gbà á. Kí wọ́n tó lè yọ èèyàn bíi tèmi kúrò, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: kí owó rẹ̀ dúró lójú kan, yálà iṣẹ́ pọ̀ tàbí kò pọ̀, kí owó ọ̀hún tó iye tí ìjọba dá, kí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá, ti alákòóso tàbí ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ẹ̀kẹta yẹn ni wọn kì í sọ fún wa níbi iṣẹ́. Wọ́n á kàn fún èèyàn lórúkọ oyè, ó parí.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. "Ta ló ń já ẹrù nínú tírélà láàárọ̀? Ta ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìgbowó? Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n má gba ẹnì kan síṣẹ́, ṣé wọ́n máa gbọ́ tiyín?" Mo ní èmi ni mò ń já ẹrù, èmi náà ni mò ń gbowó, pé ọjọ́ tẹ́ni tuntun bá wọṣẹ́ lèmi náà máa ń rí i. Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ wọn ò fi àdùn sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní máníjà lè máa gbálẹ̀ kó ṣì jẹ́ máníjà lójú òfin, tó bá jẹ́ pé òun ló ń darí ibẹ̀, nítorí náà ẹjọ́ mi lè lọ síbí, ó sì lè lọ sọ́hùn-ún. Lọ́yà tó bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹni tó wá sunkún sọ́dọ̀ ẹ̀, mo fọkàn tán an.

Mo wá bi wọ́n pé kí ló gbé ófátáìmù mi lọ. Wọ́n ní iye tí ìjọba dá yẹn gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí. Látọdún 2004 ló ti wà ní dọ́là 455 lọ́sẹ̀. Ní 2016, ìjọba Obama gbé e sókè sí 913, ìyẹn 47,476 lọ́dún, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ táwọn aṣòfin kan fi dìde sí i. Sẹ́nétọ̀ Lamar Alexander gbé àbá wá pé kí wọ́n fi òfin ọdún 1996, tó jẹ́ káwọn aṣòfin lè wọ́gi lé ìlànà iléeṣẹ́ ìjọba, pa á rẹ́. Ilé Aṣojú-ṣòfin dìbò 246 sí 177 pé kí wọ́n sún un síwájú di oṣù Kẹfà ọdún 2017. Kò sí èyí tó di òfin nínú méjèèjì, àmọ́ Adájọ́ Amos Mazzant, ní Texas wa níbí, dá ìlànà náà dúró nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Trump fi í sí 684 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Ìjọba Biden wá gbé e sí 844 ní oṣù Keje 2024, ibẹ̀ ni ófátáìmù tèmi ti wá, ó sì yẹ kó di 1,128 ní oṣù Kìíní 2025. Àwọn aṣòfin tún gbé àbá ìwọ́gilé dìde. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 2024, Adájọ́ Sean Jordan, ní Texas yìí kan náà, fagi lé gbogbo ẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà, títí kan ti oṣù Keje. Bá a ṣe padà sí 684 nìyẹn.

Mo rò pé tí ilé ẹjọ́ bá ti pa á, ó ti tán. Wọ́n ní rárá. Tí adájọ́ bá wọ́gi lé ìlànà, ìjọba míì ṣì lè kọ òmíràn. Àmọ́ táwọn aṣòfin bá fi òfin 1996 yẹn pa á, tí Ààrẹ sì fọwọ́ sí i, iléeṣẹ́ ìjọba ò tún lè gbé irú ẹ̀ jáde mọ́, àfi táwọn aṣòfin fúnra wọn bá ṣòfin tó gbà á láyè. Látìgbà tí mo ti gbọ́ ìyẹn, àbá inú Ilé Aṣòfin ló ń já mi láyà ju ìdájọ́ lọ.

Àwọn tó ń ta ko bí wọ́n ṣe ń gbé iye yẹn sókè ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, iléèwé àtàwọn ẹgbẹ́ aláàánú ò ní lè gbé e. Mo gbọ́. Àmọ́ òfin ò fipá mú ọ̀gá kankan láti fún èèyàn níṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ. Tówó ò bá sí, kó jẹ́ kí n relé lẹ́yìn wákàtí 40. Ohun tí kò dáa ni pé kó fẹ́ wákàtí 15 yẹn, kó má sì fẹ́ sanwó ẹ̀. Ní California, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá iye tiwọn, dọ́là 68,640 lọ́dún ló jẹ́ ní 2025, mi ò sì gbọ́ pé àwọn ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ torí ẹ̀ tilẹ̀kùn.

Ibi tí ibùdó náà kù sí: èrò pọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń dá lóhùn, tó bá sì di aago mẹ́jọ wọ́n á ní kí àwọn tó kù padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí kò dáa fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ sáré wá. Ìwé àlàyé wọn, Òyìnbó àti Spanish nìkan ni. Wọn kì í gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Orúkọ àwọn lọ́yà míì ni wọ́n máa fún yín, àwọn tí kì í gbowó àyàfi tẹ́ ẹ bá jàre, torí òfin ní kí ọ̀gá tó jẹ̀bi san owó lọ́yà òṣìṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé owó yín dání, ẹ mú lẹ́tà tí wọ́n fún yín, kẹ́ ẹ sì ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ̀ ń kọ àkókò tẹ́ ẹ wọṣẹ́ àti èyí tẹ́ ẹ jáde sí lójoojúmọ́, pẹ̀lú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ má fi falẹ̀: ọdún méjì sẹ́yìn nìkan lẹ lè béèrè owó ẹ̀, tàbí mẹ́ta tó bá hàn pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìwé tèmi ti wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà tí wọ́n júwe fún mi.