Ẹ́ńjìnnì Inú Ọkọ̀ àbí Ẹ́ńjìnnì Ìdí Ọkọ̀: Ìfiwéra fún Ẹni tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Onígbòkun Àlòkù

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù ní etí omi Chesapeake Bay, níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Maryland, sábà máa ń bá ẹ́ńjìnnì tó ti lé ní ogójì ọdún lábẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà wọ inú yàrá ọkọ̀. Kì í sì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yóò fi di pé: ṣé kí a tún èyí tó wà ńbẹ̀ ṣe, ṣé kí a ra dísẹ́ẹ̀lì tuntun sí ipò rẹ̀, àbí kí a yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí a gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ìdí ọkọ̀ bí àwọn ọlọ́kọ̀ èrò Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ṣe ń ṣe? Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì kò kọjá kí n béèrè iye owó. Ti ìkẹta ni mo ń lò títí di òní. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 27 ni tèmi, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá tóbi ju èyí lọ dáadáa kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn mi ṣe tirẹ̀.

Ní ti agbára, kò sí àríyànjiyàn púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí wọ́n ń pè ní Atomic 4, tí wọ́n ṣe láti 1947 títí di 1984, tí iye rẹ̀ sì lé ní 40,000, ni ó kún inú àwọn ọkọ̀ onígbòkun ilẹ̀ Amẹ́ríkà láyé ìgbà náà, agbára ẹṣin 30 ni ó sì ní. Ọkọ̀ tó mọ bí tèmi kò nílò tó bẹ́ẹ̀, nítorí bí apá ara rẹ̀ tó wà nínú omi ṣe gùn mọ kò ní jẹ́ kó sáré ju nǹkan bíi nọ́ọ̀tì mẹ́fà lọ (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ omi), ẹ́ńjìnnì yòówù tí à báà gbé sí i. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ alágbára ẹṣin 9.9 ń gbé mi sá nọ́ọ̀tì márùn-ún àti àbọ̀ nígbà tí omi bá parọ́rọ́. Bí afẹ́fẹ́ líle bá dojú kọ wá, ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ lágbára jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ọwọ́ lè tó ni ó gba owó mi jù, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń wá ọkọ̀ fara balẹ̀ kà. Bí mo bá yọ àtẹ̀gùn kúrò nínú ọkọ̀ mi, iwájú ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo lè rí. Pọ́ńpù tó ń fa omi wọlé láti mú un tutù wà lẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, nísàlẹ̀ pátápátá. Ihò kan wà lára pákó ibùsùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ihò náà kò sì fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Mo ní láti dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn yẹn, kí n ti apá ọ̀tún bọ inú ihò náà dé èjìká, kí n wá máa fi ìka wá bóòtù mẹ́rin tí ojú mi kò rí, nígbà tí irin gbígbóná bá ń jó mi ní ìgbọ̀nwọ́. Bí bóòtù kan bá bọ́ lọ́wọ́ mi, inú omi dúdú tó wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń já sí, ó sì di kí n fi mágínẹ́ẹ̀tì wá a.

Ní oṣù Keje 2017, a ń bọ̀ láti ìlú St. Michaels, afẹ́fẹ́ ti kú, a sì ti sún mọ́ Thomas Point, ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, nígbà tí mo rí i pé èéfín gbígbóná ló ń jáde níbi tó yẹ kí omi ti máa tú jáde. Rọ́bà ọlọ́wọ́ mẹ́fà ló wà nínú pọ́ńpù náà. Nígbà tí a yọ ọ́, ọwọ́ méjì péré ló kù lára rẹ̀. Mẹ́rin yòókù ti já, wọ́n sì ti bá omi wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ. Rọ́bà tuntun kò tó àádọ́ta dọ́là, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin ni mẹkáníìkì kọ sínú ìwé owó, wákàtí kan sì jẹ́ 120 dọ́là. Mo jẹ́rìí sí i pé ó ju ìdajì àkókò náà lọ tó fi ń wá ọ̀nà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dé ibẹ̀. Kò ráyè wá àwọn ègé rọ́bà tó já, àwọn ni wọ́n sì dí ojú omi nínú ẹ́ńjìnnì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ fi jóná. Ìyẹn gba 2,300 dọ́là. Kí ìgbà òtútù ọdún náà tó dé, mo sanwó fún ẹlòmíràn pé kó fa omi inú ẹ́ńjìnnì gbẹ kí yìnyín má bàa bà á jẹ́. Ó fa apá kan, ó fi ibi tó ṣòro dé sílẹ̀. Omi tó bá di yìnyín a máa fẹ̀, kò sì sí irin tó lè dá a dúró. Nígbà tí a ṣí àtẹ̀gùn ní oṣù Kẹrin, ìlà kan gùn lára irin ẹ́ńjìnnì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tínínrín bí irun orí, epo dúdú sì ń sun jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò dá ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì lẹ́bi, nítorí omi oníyọ̀ ti ń gba inú irin yẹn kọjá fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ. Ìyà tó jẹ mí ni pé gbogbo àtúnṣe rẹ̀, kékeré àti ńlá, inú ihò yẹn ni a ti ń ṣe é.

Ẹ wá wo ohun kan náà lára ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀. Òun náà ní rọ́bà tó ń fa omi, inú ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn apá gígùn tó ń wọ inú omi, ló sì wà. Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, ní gbangba, kò sì í tó wákàtí kan. Nígbà tí epo tó ti pẹ́ nínú tánkì dí kàbúrẹ́tọ̀ rẹ̀, èmi àti ọmọ mi fi okùn so ó mọ́ igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun, a sọ ọ́ kalẹ̀ sórí èbúté, a sì gbé e sí bùútù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju kílò 45 lọ. Ẹgbẹ́ tí ìwé rẹ̀ bá ní kí ẹ fi dùbúlẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi dùbúlẹ̀, nítorí bí ẹ bá dà á sí ẹgbẹ́ kejì, ọ́ìlì lè ṣàn wọ inú sílíńdà. Mẹkáníìkì gba 160 dọ́là, a sì ti padà sórí omi ní Sátidé. Ní ìgbà òtútù, bí a bá ti dá a dúró lóòró, omi inú rẹ̀ á ṣàn jáde fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà, a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Atẹ́gùn pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń kóra jọ sí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù nínú ọkọ̀ tan fáànù ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó kéré tán, kó tó ṣíná. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní wàhálà yìí, bí mo bá sì lówó púpọ̀ lọ́wọ́, mo lè rà á, ṣùgbọ́n 14,000 dọ́là ni wọ́n pè é fún mi pẹ̀lú owó iṣẹ́, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò tó ìdajì ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀, bírákẹ́ẹ̀tì tí a fi gbé e kọ́ àti pákó tí a fi gbà á lẹ́yìn jẹ́ 4,200.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ ti borí gedegbe ni inú ìgbì. Omi Chesapeake kò jìn, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 21, nítorí náà ìgbì rẹ̀ kúrú, ó sì máa ń dìde sókè ṣánṣán. Bí iwájú ọkọ̀ bá rì, ìdí rẹ̀ á gòkè, pùròpẹ́là ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀, ìyẹn abẹ tó ń yí láti ti ọkọ̀, á jáde nínú omi, ẹ́ńjìnnì á sì ké tantan láìti ọkọ̀ síwájú. Kí n tó ra tèmi, mo yá ti ọ̀rẹ́ mi kan lò, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 20. Lábẹ́ afárá Bay Bridge, afẹ́fẹ́ dojú kọ wá, ìṣàn omi sì ń lọ sí ibòmíràn. Pùròpẹ́là ń jáde ní gbogbo ìgbì mẹ́ta sí mẹ́rin, ọkọ̀ kò sì gbọ́ tiwa mọ́ títí a fi ta ìgbòkun. Ẹlẹ́sẹ̀ ínṣì 25 ni mo wá rà, irú tí pùròpẹ́là rẹ̀ fẹ̀ tó sì ń ti ẹrù wúwo, ó sì ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà náà kúrò. Kò mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Àwọn yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba iná sí bátìrì. Olè lè gbé e, nítorí náà ẹ ra àgádágodo tó nípọn. Kì í gbọ̀n inú yàrá ọkọ̀. Ààyè tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ fi sílẹ̀ ti di ibi ìkóǹkansí fún wa, òórùn epo sì ti kúrò lára aṣọ ibùsùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ti inú, ẹ gbọ́dọ̀ dí gbogbo ihò tó bá a ṣiṣẹ́, èyí tí omi ń gbà wọlé, ti sàlẹ́ǹsà àti ti irin pùròpẹ́là, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ fáíbà sì ṣe é nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀.

Ẹni tó ń jáde sí òkun gbalasa, tàbí tó ń gba ẹnu odò tóóró tí ìgbì ti ń fọ́ kọjá, kí ó di ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ rẹ̀ mú, kó sì wá owó dísẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá jẹ́ pé láti Annapolis sí Kent Island àti odò tó yí wọn ká ni ìrìn rẹ̀, tó ń lo ìgbòkun fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé owó oṣù ló fi ń tọ́jú ọkọ̀, ẹ̀yìn ni kó gbé e sí. Bí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín bá sì ti ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n wọn bó ṣe jìn tó láti bírákẹ́ẹ̀tì dé ojú omi nígbà tí ènìyàn méjì bá dúró sí iwájú ọkọ̀, torí ìgbà yẹn ni ìdí rẹ̀ máa ń gòkè jù. Bí pùròpẹ́là kò bá rì pátápátá nígbà náà, ẹ yọ owó ẹlẹ́sẹ̀ ínṣì 25 kúrò nínú iye tí ẹ óò san.