Ẹ Ṣọ́ra fún Ayédèrú Fláwà Almond

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan kéèkì àti bísíkíìtì fún àwọn alátọ̀gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó sanwó fláwà almond (kóró èso almond tí wọ́n lọ̀ kúnná) tí wọ́n ń polówó ní ìdajì owó ọjà lórí WhatsApp. Èyí tí wọ́n gbé wá fún mi n'Íbàdàn, fláwà búrẹ́dì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò. Ojúlówó nìyẹn: ó lọ́ràá, tẹ́ ẹ bá fún un mọ́wọ́ á dì pọ̀, òórùn rẹ̀ ò sì le. Ọkàn èèyàn á balẹ̀, á sanwó àpò ńlá. Àpò ńlá yẹn ni wọ́n ti lú. Wọ́n á tún kán èròjà olóòórùn dídùn sí i, kó lè máa ta sánsán. Bí ó bá ti ń ta sánsán jù, ẹ fura.

Àpò tèmi ò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. "California" tí wọ́n kọ sí i gàdàgbà, àtàǹpàkò tútù ni mo fi kàn án tí yíǹkì rẹ̀ fi bá ọwọ́ mi lọ. Òótọ́ ni pé California ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú almond ayé, àmọ́ ta ni ò lè kọ ọ́ sára ọ̀rá? Kéèkì tí mo fi dán an wò wú bíi búrẹ́dì Agége, inú rẹ̀ sì ń nà. Almond ò ní gluten, èròjà inú fláwà búrẹ́dì tó ń jẹ́ kó máa nà, kéèkì rẹ̀ kì í wú tó bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń rún.

Nígbà tí mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní almond tiwa-n-tiwa ni, láti ara igi fúrúùtù tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Ẹ̀rín pa mí. Igi ọ̀tọ̀ pátápátá nìyẹn, kóró inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ta ló fẹ́ jókòó fọ́ èyí tó máa kún àpò? Bó ṣe bulọ́ọ̀kì mi nìyẹn. Ó ti ń fi orúkọ mìíràn polówó báyìí, àwòrán àpò kan náà ló ṣì ń lò.

Nínú gíráàmù 100 ojúlówó, carbohydrate, èròjà tó máa ń di ṣúgà nínú ara, ò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ, fáíbà tí kì í di ṣúgà ló sì tó ìdajì rẹ̀. Ti fláwà búrẹ́dì lé ní 70. Ẹ ro ohun tó máa ṣe fún alátọ̀gbẹ tó jẹ ẹ́ láìfura.

Ẹ ra iodine tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò ní kẹ́mísì. Ẹ bu fláwà díẹ̀ sínú àwo funfun, ẹ kán an sí i. Bó bá dúdú bí aró, wọ́n ti lú u, ì báà jẹ́ fláwà búrẹ́dì, ì báà jẹ́ láfún. Ojúlówó á kàn gba àwọ̀ rúsúrúsú iodine náà ni. Ẹ da ti inú àwo nù o, kì í ṣe jíjẹ. Iodine kì í fi bẹ́ẹ̀ tú àṣírí ẹ̀pà lílọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀pà ni wọ́n fi lú u lẹ ń fura sí, ẹ yan díẹ̀ nínú páànù gbígbẹ kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, torí ẹ̀pà lè pa ẹni tí kò bá lára mu.

Èmi ti ń ra odidi almond báyìí: mo ń rẹ ẹ́ sómi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, mo ń bó o, mo ń sá a gbẹ, kí n tó lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa di bọ́tà. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lílọ̀, ẹ má sanwó títí dìgbà tẹ́ ẹ bá tú àpò, tẹ́ ẹ bu láti ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ sì kán iodine sí i lójú ẹni tó gbé e wá.