Ìràwọ̀ mẹ́rin fún láàbù tó yẹ kókó orí màmá mi wò

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn, káṣíà wọn ló jẹ ìkarùn-ún, màá dé bẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bá wa ṣe ni pé wọ́n fi púrótéènì ara ẹran tí wọ́n gé nínú orí màmá mi mọ ibi tí kókó yẹn ti ṣẹ̀ wá, ṣé orí níbẹ̀ ló hù sí ni àbí jẹjẹrẹ ibòmíì ló gbéra lọ síbẹ̀.

Màmá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, lọ́dún 2016, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n gba kimó, a ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí orí fífọ́ wá dé, tí síkáànì fi kókó kan hàn tó lẹ̀ mọ́ awọ tó bo ọpọlọ, gbogbo èèyàn ti dájọ́ pé ó ti padà dé nìyẹn. Mi ò bá wọn jà o, torí lára àgbàlagbà, jẹjẹrẹ tó ti ibòmíì rìn wọnú orí pọ̀ ju èyí tó hù níbẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀fóró àti ọmú ló dẹ̀ máa ń wà níwájú. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ nìkan ló ní òun ò ní sọ nǹkan kan àfi tí láàbù bá sọ̀rọ̀.

Dókítà láàbù (obìnrin ni, ó ní sùúrù, Ọlọ́run á ṣàánú fún un) ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lórí fóònù. Wọ́n á rì ẹran yẹn sínú ìda kó lè gan, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á wá da antibody sí i. Antibody kọ̀ọ̀kan ní púrótéènì tó ń wá, tó bá rí i, ojú ibẹ̀ á di búráùn, tí ò bá rí i, búlúù ló máa wà.

Wọ́n kọ́kọ́ lo GFAP, tó máa ń yọ nínú kókó tó bá ti ara sẹ́ẹ̀lì tó gbé ọpọlọ ró wá, àti cytokeratin, tó máa ń yọ nínú jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ìfun. Méjèèjì ò yọ! Wọ́n wá lo GATA3 tí jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń ní, òun náà ò yọ. EMA, tí kókó ara awọ tó bo ọpọlọ máa ń ní, yọ, àmọ́ dókítà ní ìyẹn nìkan ò tó torí jẹjẹrẹ ọmú náà ń ní in. SSTR2A, tí kókó awọ yẹn náà sábà máa ń ní, ló tú àṣírí, búráùn káàkiri. Meningioma ni, kókó tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í dẹ̀ ṣe jẹjẹrẹ rárá.

Ibi tí mo ti gbà fún wọn nìyí. PR (púrótéènì tí họ́mọ́ọ̀nù progesterone máa ń so mọ́) náà yọ. PR yìí kan náà wà nínú èsì ọmú màmá ti 2016, ẹni tó bá ń kánjú á ní ṣé ẹ rí i, ọmú ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ meningioma ló ní PR, wọ́n dẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sínú èsì pé PR ò lè dá ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà láàbù tún ní jẹjẹrẹ ọmú máa ń sá pamọ́ sínú meningioma nígbà míì, kókó nínú kókó, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi cytokeratin wá gbogbo ẹran tó kù kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọn ò rí nǹkan kan. Ki-67, tó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yára pọ̀ sí i tó, kéré, grade 1 ni, èyí tó rọ̀ jù. Síkáànì la kàn ń ṣe lóòrèkóòrè báyìí, kò sí kimó kankan.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò lo ẹyọ kan ṣoṣo kó tán síbẹ̀. Ó ní kò sí èyí tó ṣeé fi gbogbo ara tẹ̀ lé, pé TTF-1 tí wọ́n fi ń mọ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró gan-an, irú antibody ẹ̀ kan máa ń yọ nínú kókó ọpọlọ nígbà míì.

Ó wá ku owó. Ẹ ò sọ fún wa pé ìpele kejì wà! A sanwó, a jókòó ti fóònù, àṣé iṣẹ́ ti dúró, wọ́n ń retí owó míì, a ò mọ̀ àfi ìgbà tí èmi fúnra mi pè. Dókítà ní ìpele-ìpele ni wọ́n ń ṣe é kéèyàn má baà sanwó èyí tí ò nílò, ó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ kí káṣíà sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ jàre, owó yẹn ò kéré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ rí i pé inú fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ni ẹran wà, ẹnì kan gbé tiẹ̀ dé nínú omi iyọ̀ lójú mi, ojú dókítà yí padà ni. Ẹ kọ jẹjẹrẹ tí aláìsàn ti ní rí sórí fọ́ọ̀mù, tẹ́ ẹ bá rí bọ́lọ́ọ̀kì àtijọ́ (ẹran ìgbà yẹn tí wọ́n ti rì sínú ìda) gbà lọ́sibítù, ẹ mú un dání, wọ́n á fi wéra. Sátidé, wọ́n kàn ń gba ẹran sílẹ̀ ni, dókítà kì í sí ńbẹ̀.