Ojúlówó òwe àti òwe ayídà: èwo ni ká pa?

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Bí àgbà bá pa á fún ẹni tí òfò ṣe, ìtùnú ni: ohun tó bàjẹ́ yẹn á tún dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá gbọ́ ti aláwàdà: "Ilé ọba tó jó, ẹ pe panápaná!"

Ìlàjì àkọ́kọ́ kò yí padà rárá, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rín wà. Etí ti ń retí "ẹwà", ni panápaná bá já wọlé. Ẹni tí kò gbọ́ ojúlówó rí kò ní rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ lásán ló máa jẹ́ létí rẹ̀. Ayídà ń jẹun lára ojúlówó. Ojúlówó ò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n tún fi yàtọ̀. Ọmọdé tó bá pa òwe láàárín àgbà á ní "tótó, ó ṣe bí òwe". Wọ́n á dáhùn pé "wàá rí òmíràn pa". Ta ló máa ṣe tótó nítorí panápaná?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Aderemi Raji-Oyelade ti Yunifásítì Ìbàdàn pe irú àwọn ayídà yìí ní postproverbials. Àwọn kan ní wọ́n ń ba èdè jẹ́. Èmi ò gbà, ẹni tó mọ òwe dunjú ló lè yí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń parí ìjà tọkọtaya, ojúlówó ni màá mú lọ. Ayídà di orí WhatsApp.