Páwà báìkì àlòkù: Honda CBR600RR, Yamaha R6 àti Suzuki GSX-R600, èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ń wá páwà báìkì àlòkù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 600cc ní Èkó tàbí Ìbàdàn, orúkọ mẹ́ta ni yóò máa gbọ́ ṣáá: Honda CBR600RR, Yamaha YZF-R6 àti Suzuki GSX-R600. Kawasaki ZX-6R náà wà, àmọ́ láti 2013 ni ẹ́ńjìnì tiẹ̀ ti di 636cc. Ó ti fi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, mo sì fẹ́ kí ìfiwéra yìí wà láàárín ẹgbẹ́ kan náà.

Èrò tèmi rèé, kí a má baà fa ọ̀rọ̀ gùn: ọwọ́ tí báìkì náà ti ń bọ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára tánkì rẹ̀ lọ. Suzuki tí ẹni tó ni ín ń ṣe sáfíìsì fún lásìkò yóò sìn yín ju Honda tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ní ọ̀dà lánàá. Tó bá wá jẹ́ pé ibi tó dáa ni méjèèjì ti wá ńkọ́? Ìgbà yẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn á tó jẹ yín lógún, ibi tí ẹ ó sì ti máa gùn ún ni yóò pinnu.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 599cc, sílíńdà mẹ́rin ni wọ́n ní, omi ló sì ń mú ẹ́ńjìnì wọn tutù. Táyà kan náà ni wọ́n ń wọ̀: 120/70-17 níwájú, 180/55-17 lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní táyà ọ̀kan wọ́n ju ti èkejì lọ, ọjà rẹ̀ ló ń polówó.

| | CBR600RR (2007–2012) | R6 (2008–2016) | GSX-R600 (2011 sókè) |
|---|---|---|---|
| Gíga ìjókòó | 820 mm | 850 mm | 810 mm |
| Epo tí tánkì ń gbà | bíi lítà 18 | bíi lítà 17 | bíi lítà 17 |
| Ìfúnpọ̀ inú sílíńdà | 12.2:1 | 13.1:1 | 12.9:1 |
| Ìgbà tó yẹ kí a yẹ fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnì) wò | km 25,600 | km 42,000 | km 24,000 |

Ẹ má fojú fo ìlà kẹta yẹn. Bí ìfúnpọ̀ inú sílíńdà, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kó tó jó, bá ṣe ga tó ni ẹ́ńjìnì ṣe máa ń yan epo tó. Yamaha ní kí a máa fi epo tó ga ju epo lásán lọ sínú R6, bẹ́ẹ̀ irú epo bẹntiróòlù kan ṣoṣo ni ilé epo wa ń tà. Bí oòrùn bá mú, tí ẹ fi gíà ńlá gun òkè díẹ̀díẹ̀, ẹ lè gbọ́ kí ẹ́ńjìnì máa kan kọ́kọ́kọ́ nísàlẹ̀ yín. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Honda ni epo wa kì í tètè dà láàmú.

Honda: ti ẹni tó máa gùn ún lójoojúmọ́

CBR600RR jáde ní 2003, wọ́n sì tún un ṣe pátápátá ní 2007. Èyí tí wọ́n tún ṣe yìí ni kí ẹ wá. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́ dé, kò dìgbà tí ẹ bá fún un lọ́rùn kó tó jí. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòròdú Road, ìyẹn ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó lọ.

Ṣé kò ní àléébù rárá ni? Ó ní tiẹ̀ náà o. Abẹ́ ìjókòó ni sàìlẹ́ńsà rẹ̀ gbà jáde. Ní ìlú òtútù ìyẹn lè dáa, ṣùgbọ́n ní aago méjì ọ̀sán lórí Third Mainland tí ọkọ̀ ò rìn, ìdí yín á mọ̀ ọ́n lára. Èkejì ni rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn irin tó ń ṣètò iná tó ń wọ bátìrì. Ó máa ń gbóná, wáyà tó so mọ́ ọn á sì jóná díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú mítà iná dání. Tí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnì sókè dé bíi 5,000 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kí iná orí bátìrì wà láàárín vólíìtì 13.5 sí 14.5. Bó bá lọ sílẹ̀ sí 12 tàbí tó fò kọjá 15, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó fi dúnàá dúrà nìyẹn.

Láti 2009, àwọn kan nínú wọn ní bíréèkì ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, tó so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀. Ó dáa gan-an lórí ọ̀nà tí òjò ti rọ̀ sí. Ó fi bíi kílò mẹ́wàá kún ìwọ̀n báìkì náà, mẹkáníìkì tó sì mọ bí a ṣe ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín kí ẹ tó sanwó fún èyí tó ní in.

R6: ó lẹ́wà, àmọ́ ẹ wo ara yín dáadáa

Kò sí èyí tó jojú ní gbèsè tó R6. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun báìkì lọ́jọ́ Sunday mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tà á náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bu owó lé e.

Òkè réré ni agbára rẹ̀ wà. Kó tó di 10,000 rpm, ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò tíì jí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò tó sọ fún yín pé òun dé. Níbo ni ẹ ti fẹ́ máa yí i dé ibẹ̀ láàárín Ọjọ́ta àti Màrílàńdì? Lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní kùtùkùtù ọjọ́ Sunday, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́ ni ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ráhùn, torí pé ó máa ń dá ènìyàn dojú dé ju àwọn yòókù lọ. Ìjókòó 850 mm yẹn náà kì í ṣe ti ẹni kúkúrú. Kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì tẹ ilẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́: èyí tó jáde ní 2006, wọ́n polówó rẹ̀ pé yóò yí dé 17,500 rpm. Nígbà tí àwọn ènìyàn wọ̀n ọ́n, kò débẹ̀, ó kù ju 1,000 lọ. Ní Amẹ́ríkà, Yamaha ní òun ṣe tán láti rà á padà lọ́wọ́ ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí i. Nítorí náà bí ẹni tó ń ta 2006 bá ń fi 17,500 yangàn, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa wo táyà rẹ̀ lọ.

Suzuki: ó rọrùn, àfi bíréèkì iwájú

GSX-R600 ló lọ sílẹ̀ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì máa ń fi nọ́ńbà gíà tí ẹ wà hàn yín níwájú. Láti 2008 ni ó ti ní bọ́tìnì tó ń dín agbára kù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí báìkì kékeré lè fi mọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ (bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi ni pé 600 kì í ṣe báìkì àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni). Èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2011 fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bíréèkì iwájú rẹ̀ sì di ti Brembo, ilé iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ fún bíréèkì.

Bíréèkì yẹn gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ní 2013, Suzuki pe àwọn GSX-R tí wọ́n ṣe láti 2004 sí 2013 padà fún àtúnṣe, ó ju 200,000 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí ọ́ìlì bíréèkì bá pẹ́ jù láì yí i, yóò fa omi, irin inú pọ́m̀pù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra, afẹ́fẹ́ á wá kó jọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fà á, á rọ̀ lọ́wọ́ yín bíi fùfú, báìkì ò sì ní dúró níbi tí ẹ fojú sí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe àtúnṣe náà, àmọ́ báìkì tó ti wọ kọńténà kí ìpè yẹn tó dé etí ẹni tó ni ín lè má tíì ṣe é títí di òní. Ẹ fa ọwọ́ bíréèkì náà mú gírígírí fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń sún lọ sínú díẹ̀díẹ̀, ẹ má gùn ún. Ẹ tún lè fi nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀ wo ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ lójú pópó, ọ̀fẹ́ ni.

Tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àbí èyí tí ẹnì kan ń gùn níbí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé tòkunbọ̀ ló dáa jù nítorí pé "kò tíì fọwọ́ kan ọ̀nà Nàìjíríà." Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ti san owó rẹ̀, tí wọ́n wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á ní gbàǹjo. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bàjẹ́ o. Ike ara páwà báìkì wọ́n débi pé báìkì tó kàn ṣubú lójú kan, tí ike rẹ̀ họ, lè di èyí tí wọ́n ní kò tọ́ sí àtúnṣe mọ́. Irú ìyẹn ọjà gidi ni. Àmọ́ èyí tó forí sọ mọ́tò àti èyí tí omíyalé mù náà wà nínú kọńténà kan náà, ọ̀dà tuntun ló sì ń bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù kò mọ ìtàn rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ló ń sọ fún yín.

Èyí tí ẹnì kan ti ń gùn níbí ti rí kòtò, ó ti jẹ eruku, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lè bi ẹni tó ni ín ní ìbéèrè. Mo lọ wo GSX-R kan ní Challenge, Ìbàdàn. Ọmọkùnrin tó ń tà á gbé ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan jáde tó kọ ọjọ́ tó yí ọ́ìlì sí, pẹ̀lú máìlì tó wà lójú mítà lọ́jọ́ náà. Mi ò tíì bi í ní nǹkan kan tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo apá ọ̀tún yìí. Mo jẹ́ kó ṣubú nínú ọgbà wa, ó dúró ni, kò rìn." Ibi tó họ náà bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu: ẹnu ọwọ́ bíréèkì, etí ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ àti ike kékeré kan. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àbùkù ọjà rẹ̀, èmi máa ń gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó bá ní "kò ní ìṣòro kankan, gbé e kó o máa gùn ún lọ," ẹ bi í pé nígbà wo ló yí ọ́ìlì bíréèkì gbẹ̀yìn. Bó bá dákẹ́, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ohun tí ẹ ó fojú wò, tí ẹ ó sì fọwọ́ kàn

Kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ fọwọ́ kàn án. Bó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹnì kan ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń jí láàárọ̀. Ẹ ní kó tutù, kí ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí orí báìkì ti ń yí lábẹ́ tánkì. Irin kékeré méjì wà níbẹ̀ tó ń dá a dúró kó má yí kọjá ààlà, lápá ọ̀tún àti òsì. Bí ọ̀kan bá ti wọnú tàbí tí wọ́n ti jó o mọ́ra, báìkì yẹn ti forí sọ nǹkan rí, ohun yòówù tí ẹnu ì báà máa sọ. Wọ́n lè pààrọ̀ ike, wọ́n lè kun ríìmù, kì í sábà sí ẹni tó máa rántí ibẹ̀ yẹn. Ẹ fi ìka nu ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú: bí ọ́ìlì bá mọ́ ọn, síìlì ti lọ. Ẹ fa ṣéènì lẹ́yìn pátápátá níbi tó ti yí irin eléyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn ká. Bí ẹ bá rí ìdajì eyín lábẹ́ rẹ̀, ṣéènì àti eyín ẹ̀ ti di rírà.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà lẹ́yìn DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè ní ojú kí ó ti gbó. Ti ṣáṣí náà kò le: JH2 ló ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà Honda tí wọ́n ṣe ní Japan, JYA ni ti Yamaha, JS1 ni ti Suzuki. Fún èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ka dé àmì kẹwàá: 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Bí wọ́n bá pè é ní 2011 tí ẹ rí 7, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ kí ẹ sanwó rẹ̀ lásán. Tó bá jẹ́ Ìlú Ọba ló ti wá, tí ẹ sì mọ nọ́ńbà tó ń lò níbẹ̀, ìtàn ìdánwò MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ lójú pópó, wà lórí ìkànnì ìjọba wọn lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú máìlì tó wà lójú mítà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Owó àti ìwé

Ẹ má fi iye tí wọ́n pè wé ara wọn. Ẹ fi iye tí ẹ ó ná kí báìkì tó ṣeé gùn wé ara wọn: táyà méjì, ṣéènì àti eyín rẹ̀, bátìrì, páàdì bíréèkì, gbogbo ọ́ìlì. Mo ti rí tòkunbọ̀ tó dín owó púpọ̀ ju ti oníhun lọ, tó wá jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, òun gan-an ló wọ́n jù. Bó bá sì kù díẹ̀ kí mítà dé ìgbà àyẹ̀wò fáàfù, ẹ yọ owó iṣẹ́ yẹn náà.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ín, láísẹ́ǹsì báìkì náà àti rìsíìtì: kí nọ́ńbà ṣáṣí àti ti ẹ́ńjìnì inú wọn bá ti ara báìkì mu, kí ẹ fi ojú ara yín kà á lára irin. Ẹ lọ yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, ẹ má fi í sílẹ̀ sórí orúkọ olórúkọ. Kí owó lọ sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé. Bí wọ́n bá fún yín ní orúkọ mìíràn, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ owó náà.