Nikon D90 lọ́wọ́ ẹni tó ti ìdí fíìmù bọ̀

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò ládùúgbò wa ò yéé bi mí pé ṣé kí àwọn ra D90 tòkunbọ̀, torí òun lowó wọn ká. Ẹ jẹ́ n kó gbogbo ẹ̀ síbí kó lè tán síbẹ̀. Ó ti pẹ́ gan tí kámẹ́rà yìí ti wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi kúrò nídìí fíìmù, mi ò sì tíì tà á dòní.

Ọdún 2008 ni Nikon gbé e jáde, megapixel 12.3 ló ní. Ẹ má wo nọ́ńbà yẹn rárá. Fóònù yín lè sọ pé tòun ju bẹ́ẹ̀ lọ àmọ́ ojú tó ń gba iná nínú D90 tóbi ju ti fóònù lọ fíìfíì, mo sì ti tẹ fọ́tò ẹ̀ ní ńlá tí wọ́n gbé kọ́ pálọ̀, ó mọ́ kedere.

Lẹ́ńsì ló jẹ́ kí n mú òun láàárín àwọn yòókù. FM2, kámẹ́rà fíìmù Nikon, ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, látọdún 1959 sì ni Nikon ò ti yí ẹnu ibi tí lẹ́ńsì ń wọ̀ padà lára àwọn kámẹ́rà onídígí ẹ̀ (SLR), ìyẹn ni pé ẹni tó ti ní lẹ́ńsì ò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, àwọn lẹ́ńsì AI àtijọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ yí á wọlé lóòótọ́, kámẹ́rà ò kàn ní bá yín wọn iná ni, ẹ máa fojú díwọ̀n ẹ̀. Àwọn lẹ́ńsì AF (tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra wọn) bíi 50mm f/1.8D ní tiwọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ torí mọ́tò tó ń yí lẹ́ńsì wà nínú D90 fúnra ẹ̀, àwọn Nikon bíi D60 àti D3000 àti D5000 ò ní mọ́tò yẹn, ẹ máa rántí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rajà. Ohun tó kù ni pé ojú tó ń gba iná nínú D90 kéré ju fíìmù lọ, torí náà 50mm á máa ṣe bíi 75mm lórí ẹ̀, á sún nǹkan mọ́ yín jù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya mọ̀lẹ́bí nínú pálọ̀ kékeré, ẹ̀yìn yín á kan ògiri kí gbogbo wọn tó wọlé. Lẹ́ńsì 18-105mm tí wọ́n ń tà mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ lẹ máa fi ṣe ìyẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná. Ibí ni ojú àwa tá a ti ìdí fíìmù bọ̀ ti rí nǹkan. Ohun tí ọ̀gá fi kọ́ wa nígbà yẹn ni pé má jẹ́ kí iná wọ́n fíìmù, tó bá pọ̀ díẹ̀ kò burú, torí fíìmù aláwọ̀ bíi Kodak Gold máa ń gbà á mọ́ra, wọ́n á ṣàtúnṣe ẹ̀ ní lábù. Dígítà yí i padà pátá. Ibi tí iná bá ti pọ̀ jù, ó ti lọ nìyẹn, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi fà á padà. Ẹ wo ìyàwó tó wọ léèsì funfun láago méjìlá ọ̀sán, ojú ẹ̀ dúdú, ó ń dán. Kámẹ́rà á wo ojú dúdú yẹn, á ní iná ò tó, á fi kún un, ojú á wá dára, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ léèsì yẹn lójú, gbogbo ihò ara ẹ̀, gbogbo òdòdó tí wọ́n rán sí i, kò sí nǹkan kan mọ́, ó ti dà bíi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì. Léèsì olówó ńlá tí gbogbo ẹbí dá! D90 gan-an fẹ́ràn láti fi iná kún un nínú oòrùn, mo sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń fa iná sẹ́yìn sí -0.7, mo ń yà á ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì ṣiṣẹ́ sí), màá wá gbé ojú sókè lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ tún tan ibi tó máa ń jẹ́ kí ojú ibi tó ti jóná máa ṣẹ́jú lórí sikirini, ẹ ó ti rí i kí ìyàwó tó kúrò níwájú yín.

Àwọ̀ ara wa ni mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn dígítà jù lọ. Nígbà fíìmù, tẹ́ ẹ bá ti gbé e lọ sí lábù, ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ló máa pinnu bí aráabí ṣe máa rí. Kodak a máa fi káàdì tí àwòrán obìnrin òyìnbó wà lórí ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn lábù kí wọ́n fi sẹ́tì àwọ̀ ẹ̀rọ, ara òyìnbó ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, ẹni dúdú á wá jáde bí èédú, eyín nìkan lẹ máa rí. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Pẹ̀lú D90, ọwọ́ mi ló wà, adúmáadán á jẹ́ adúmáadán, apọ́nbéporẹ́ á pọ́n, kò sẹ́ni tó máa bá mi yí i.

ISO ẹ̀ (agbára tó fi ń gba iná) dáa títí dé 800, 1600 ṣeé fara mọ́, 3200 ti ń ṣe yẹ̀ẹ̀pẹ̀ yẹ̀ẹ̀pẹ̀, àwọn tó ń ya ìṣọ́ òru ẹ máa gbé fíláàṣì dání. Fídíò ẹ̀, òun ni DSLR (kámẹ́rà onídígí ti dígítà) àkọ́kọ́ tó ń ká fídíò, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló lè ká lẹ́ẹ̀kan tó bá jẹ́ 720p, kò sì ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, ẹ má fi ṣiṣẹ́ gba owó.

Ọyẹ́ ń kọ́? Lórí fíìmù, eruku tó bá bà lé fọ́tò kan, tiẹ̀ nìkan ni, fíìmù ti yí lọ. Lórí dígítà, tẹ́ ẹ bá ṣí lẹ́ńsì nínú ọyẹ́ oṣù kìíní, eruku yẹn jókòó nìyẹn, á máa hàn bí àmì dúdú lójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ bá yà ní f/16, ìyẹn nígbà tí ihò lẹ́ńsì bá kéré. D90 máa ń gbọn ara ẹ̀ láti fọ̀ ọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń já. Inú ilé tàbí inú mọ́tò ni kẹ́ ẹ ti máa pààrọ̀ lẹ́ńsì.

Ibi tí fíìmù ti borí, mi ò lè parọ́, ni ìpamọ́. Nẹ́gátíìfù mi àtijọ́ wà nínú ọ̀rá wọn, mo ṣì ń tẹ̀ wọ́n. Háádì dísíìkì tí mo kó ìgbéyàwó odidi ọdún kan sí ṣàdédé dákẹ́, kò sì jí mọ́ títí dòní. Ẹ mọ̀ pé fọ́tò lọ́dọ̀ wa kì í ṣe eré. Àwọn àgbà oníṣẹ́ yìí ní Ìlá Ọ̀ràngún láyé àtijọ́, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, á dà bíi pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn, ìyá wọn á sì fi pamọ́. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ sọnù mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Ibi méjì ni mò ń kó iṣẹ́ sí báyìí, mo tún ń tẹ èyí tó ṣe pàtàkì jáde.

Torí náà bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rà á, àmọ́ ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìgbà 100,000 ni Nikon fi dán ṣọ́tà ẹ̀ (ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò) wò. Ẹ wo rọ́bà ibi ìdìmú, ó máa ń ṣí. Ẹ mú káàdì mẹ́mórì tiyín lọ, kẹ́ ẹ ya ògiri funfun ní f/16 níwájú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Tó bá ní kẹ́ ẹ má dán an wò, ẹ fi sílẹ̀ fún un.